Kí Tẹlisíkóòpù Wa Tó Lè Jáde ní Lábù, Ẹ Jẹ́ Ká Ṣe Àpótí fún Dígí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò di senior prefect. Ọ̀rọ̀ àpótí ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Àpótí kẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin ná. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ò gbà pẹ̀lú mi, ẹ kọ tiyín wá, Press Club á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé-ìwé wa ní tẹlisíkóòpù kan. Àwọn òbí ló dáwó jọ rà á fún lábù físíìsì. Àwọn SS3 ti fi wo òṣùpá lẹ́ẹ̀kan. Àwa SS2 ò tíì fi wo nǹkan kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà: ọ̀pá rẹ̀ gígùn wà nínú páálí, àwọn dígí kéékèèké rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá dúdú bí ẹni ra ẹ̀wà. Nígbà tí JETS Club ṣí ọ̀rá náà ní táàmù yìí, ọ̀kan nínú àwọn dígí náà ti ní nǹkan funfun nínú bí òwú aláǹtakùn. Ìdérí méjì ti sọnù. Látìgbà náà, èrò méjì ló wà nílẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́. Àwọn kan ní kí a ti gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ pa títí owó yóò fi wà láti ra àpótí onírin tí àwọn òyìnbó ń tà. Àwọn kejì ní kí a gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí ní ọ́fíìsì, kí àwọn àlejò lè máa rí i.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Èrò tèmi ni pé kí a fọwọ́ ara wa ṣe àpótí náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá tẹlisíkóòpù náà lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀.

ÌRÀWỌ̀ KÌ Í YỌ NÍ AAGO MÉJÌ Ọ̀SÁN

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ilé-ìwé tí à ń ti ilé wá ni tiwa, a ò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Aago méjì ọ̀sán, agogo ti lù, kálukú ti ń wá kòròpé tàbí máruwá tó máa gbé e délé. Ìràwọ̀ wo ló máa ń yọ ní aago méjì? Lójú ọ̀sán, yàtọ̀ sí òṣùpá tó máa ń ṣẹ́kù sójú ọ̀run láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀. Oòrùn sì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tẹlisíkóòpù wò láìsí fílítà gidi níwájú rẹ̀, torí ojú á fọ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Nítorí náà, tẹlisíkóòpù tó bá ń sun lábù wa lóru kò lè rí ju ògiri lọ. Bí a bá fẹ́ kó wúlò, àfi kó máa tẹ̀lé wa lọ sílé: sí Tanke, sí Adéwọlé, sí Gáà Àkànbí, sí Sàngó, títí kan àwa tí ilé wa wà ní GRA níbí. Ọ̀pá gígùn náà ò le gbé. Ẹ fi sínú páálí rẹ̀, ẹ gbé e sínú búùtù ọkọ̀ dádì ẹnì kan, ó parí. Ohun tí kò ṣeé gbé kiri nínú ọ̀rá ni àwọn dígí kéékèèké. Àwọn gan-an ni ẹ̀rù ń ba àwọn olùkọ́ wa lé lórí, ẹ̀rù náà sì tọ́. Bí a ò bá rí ibi gidi kó wọn sí, kò sí tíṣà tó máa fọwọ́ sí i pé kí a gbé wọn jáde ní géètì. Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ àpótí kọ́ ni mò ń sọ gan-an. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò rí ojú ọ̀run, ta ni kò ní rí i, ló wà níbẹ̀.

KÍ NI DÍGÍ OJÚ Ń ṢE?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ará Arts. Dígí ńlá tó wà níwájú tẹlisíkóòpù wa fẹ̀ tó mílímítà 70. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ò lè fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ̀yìn ọ̀pá náà ni a máa ń ki dígí kékeré bọ̀, òun ni a máa ń fi ojú sí. Eyepiece ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, èmi á máa pè é ní dígí ojú. Òun ló ń sọ ohun tó kéré di ńlá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. A kọ 700 sára tẹlisíkóòpù wa, ìyẹn ni pé mílímítà 700 ni láti dígí iwájú dé ibi tí àwòrán ti péjọ. A kọ 20 sára dígí ojú kan, a kọ 10 sára èkejì. Ẹ fi 20 pín 700, ẹ ó rí 35. Ìyẹn túmọ̀ sí pé òṣùpá á tóbi lójú yín ní ìlọ́po 35. Ẹ fi 10 pín 700, ó di 70. Dígí kẹta ni Barlow, tó máa ń sọ èyí tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ni 70 bá di 140. Ní 35, gbogbo òṣùpá wọ inú dígí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká bí àmì tóótòòtó. Ní 70, òrùka Sátọ̀ọ̀nù hàn kedere. Àwọn òṣùpá mẹ́rin yẹn ni Galileo rí ní oṣù Kínní ọdún 1610, tí ayé fi yí èrò padà nípa ohun tó ń yí ohun mìíràn ká.

Bí àwọn dígí kékeré wọ̀nyí bá bàjẹ́, tẹlisíkóòpù wa ti di ọpọ́n ayò tí kò ní ọmọ ayò. Ẹ lè gbé e sórí tábìlì kó rẹwà, ẹ ò lè ta á.

Nǹkan kan tún wà. Ìwọ̀n ìdí dígí ojú wa jẹ́ ínṣì kan àti ìlàrin, ìyẹn mílímítà 31.75. Ìwọ̀n yìí kan náà ni tẹlisíkóòpù púpọ̀ ń lò káàkiri ayé. Ní ọdún 2009, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe Ọdún Ìmọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé, wọ́n ṣe tẹlisíkóòpù olówó pọ́ọ́kú kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, Galileoscope lorúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n yìí kan náà ni òun náà ń gbà. Nítorí náà, bí ọ̀pá wa bá tilẹ̀ gbó lọ́jọ́ kan, dígí tí a tọ́jú dáadáa á ṣì bá òmíràn ṣiṣẹ́.

ÀWỌN Ọ̀TÁ DÍGÍ NÍ ÌLÚ WA

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni ọyẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ẹ gbá yàrá láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán eruku ti tún bò ó. Eruku náà ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, pàápàá láti apá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Kì í ṣe àwa nìkan ló mọ̀ pé eruku Ìlọrin kì í ṣe kékeré. Ní Yunifásítì Ìlọrin, láti bí ọdún 1998 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó máa ń kọjú sí oòrùn, tó sì ń wọn eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa. Ó wà lára àwọn ẹ̀rọ tí NASA kó jọ káàkiri ayé, tí wọ́n ń pè ní AERONET. Àwọn onímọ̀ òkè òkun ń ka eruku wa, àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ wá ń fi dígí sínú ọ̀rá! Quartz wà nínú eruku yìí, quartz sì le ju dígí lọ. Nígbà tí ẹnì kan bá fi etí yúnífọ́ọ̀mù nu dígí ojú, ó rò pé òun ń tún un ṣe ni. Ńṣe ló ń ha á.

Ọ̀tá kejì ni òjò. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ wa máa ń tutù rin. Nǹkan funfun tí JETS Club rí nínú dígí kan yẹn, ẹbí ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni, fọ́ńgọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní bàọ́lọ́jì. Ó fẹ́ràn òkùnkùn, ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó sì fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti rìn. Ọ̀rá dúdú nínú kọ́bọ́ọ̀dù títì, ṣé kì í ṣe ilé tí a kọ́ fún un nìyẹn? Bó bá pẹ́ lára dígí, omi tó ń tú jáde lára rẹ̀ á jẹ ojú dígí náà, kò sì ní ṣeé nù kúrò mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé títì mọ́lẹ̀ pa kì í ṣe ìtọ́jú.

Ọ̀tá kẹta ni ìka wa. Òróró tó wà lára ìka ló ń di oúnjẹ fún fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn. Ọ̀tá kẹrin ni "mo rò pé ọwọ́ rẹ ló wà." Gbogbo wa la mọ ìyẹn.

ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ ÀPÓTÍ

Ẹni tó bá ní àpótí ọwọ́ ò lè dà bíi ti òyìnbó, mo fẹ́ kó ronú díẹ̀. Ta ló kọ́ Yorùbá pé kí ọ̀bẹ ní àkọ̀, kí ọfà ní apó? Àwọn aláṣọ òfì ní ìlú wa kì í ju òwú wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Òkelele, wọ́n mọ̀ pé ìkòkò tó bá ń gbún ara wọn lójú ọ̀nà kò ní dé ọjà, wọ́n á fi nǹkan rírọ̀ sí àárín wọn. Òṣùká tí màmá àgbà máa ń ká sórí kó tó ru omi ńkọ́? Nǹkan rírọ̀ tó gba ìdí nǹkan líle, tí kò jẹ́ kó yẹ̀, òun náà ni fóòmù inú àpótí òyìnbó ń ṣe. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwa la kàn fẹ́ gbé e sínú abọ́ ike.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Mo ti bá káfíńtà kan àti ọ̀gá kan tó ń ṣe àga onífóòmù sọ̀rọ̀, mo sì ti wọn àwọn dígí náà pẹ̀lú rúlà. Ohun tí mo dábàá nìyí.

Àkọ́kọ́, abọ́ ike ni ká lò, kì í ṣe pákó. Pákó rẹwà lóòótọ́, ó sì wu èmi náà, ṣùgbọ́n pákó máa ń mu omi. Abọ́ oúnjẹ onígun mẹ́rin tó ní rọ́bà létí ìdérí, tó sì ní ìkọ́ mẹ́rin tí à ń tẹ̀ pa, ló dára jù. Omi kì í wọ̀ ọ́, eruku kì í wọ̀ ọ́. Ó wà ní Ọjà Tuntun, ó sì lè ti wà nílé ẹlòmíràn tí kò ní ìrẹsì nínú. Bí ẹ bá ní àpò aláwọ nílé, ẹ má mú un wá. Awọ máa ń pa ọ̀rinrin mọ́ra, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì yọ̀.

Èkejì, fóòmù líle ni ká wá, kì í ṣe èyí tó rọ̀ bíi ti ìrọ̀rí. Àwọn tó ń ṣe àga máa ń da àgékù rẹ̀ nù. A ó gé e sí ìpele méjì. Ti ìsàlẹ̀ á wà ní odidi, ti òkè la ó lu ihò sí. Kí ihò kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ kéré sí ohun tó máa wọ inú rẹ̀, kó lè dì í mú. Fún ìdí dígí tó jẹ́ mílímítà 31.75, ihò mílímítà 30 ti tó. Kí àlàfo tó wà láàárín ihò méjì tó ìka méjì, kí dígí kankan má baà kan èkejì. Ìdérí abọ́ náà gbọ́dọ̀ ní fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, kó lè tẹ àwọn dígí mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Ẹ sì mọ̀ pé kòtò ò wọ́n lójú ọ̀nà wa.

Ẹ̀kẹta, bí a ó ṣe gé ihò. Ọ̀bẹ máa ń jẹ́ kó rí wúruwùru. Ẹ wá àgékù páìpù irin lọ́wọ́ púlọ́ńbà, kó rí bí ihò tí à ń fẹ́. Ẹ fi fáìlì pọ́n etí rẹ̀ kó mú. Ẹ gbé e sórí fóòmù, ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ihò á yọ bíi pé ẹ̀rọ ló gé e. Kí SS1 má ṣe èyí láìsí tíṣà nítòsí o, etí irin náà á mú gan-an.

Ẹ̀kẹrin, aṣọ. Fóòmù tó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń rà, á wá máa já bí ìyẹ̀fun sórí dígí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ òwú funfun tó mọ́ bo inú ihò kọ̀ọ̀kan, aṣọ tí kì í ṣí àwọ̀, tí kì í sì í já òwú. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a ó yẹ fóòmù náà wò, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń rà.

Ìkarùn-ún, gọ́ọ̀mù. Bí a bá ti lẹ nǹkan pọ̀ tán, kí abọ́ náà wà ní ṣíṣí lójú fèrèsé títí òórùn gọ́ọ̀mù á fi kúrò pátápátá. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òórùn yẹn kì í ṣe òórùn lásán, nǹkan tó lè bà sójú dígí ni. Kánjúkánjú ò wúlò níbí.

Ìkẹfà, ohun tó ń mu ọ̀rinrin. Ẹ ti rí àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ "DO NOT EAT" sí lára? Silica gel ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má jù ú nù mọ́, ẹ kó o wá. Bó bá ti mu omi yó, a lè da ẹyọ inú rẹ̀ jáde, kí a yan án lórí iná kékeré, á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù máa ń di píǹkì bó bá yó. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn, nítorí náà abọ́ lábù ni ká fi yan án, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ màmá yín. Àwọn kan á ní ìrẹsì ńkọ́, ṣebí òun là ń da fóònù tó bọ́ sómi sí? Rárá o. Ìrẹsì ní eruku tirẹ̀, kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìkeje, nọ́ńbà. Kí a kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀: 20, 10, Barlow, fílítà òṣùpá. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfúrufú ṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á gé àyè fún ohun kọ̀ọ̀kan nínú fóòmù. Bí iṣẹ́ bá parí tí àyè kan ṣófo, wọ́n mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irinṣẹ́ kan ti kù sínú ẹ́ńjìnnì. Àpótí tiwa náà á máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "mo rò pé ọwọ́ rẹ ló wà" á kúrò nílẹ̀.

Ní ti ìdérí tó sọnù, ìdérí ike òògùn tí a fọ̀ tó gbẹ dáadáa á ṣe é. A ti wọ̀n ọ́n wò, ó bá ọ̀kan mu gẹ́ẹ́.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ INÚ RẸ̀

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn tẹlisíkóòpù olówó pọ́ọ́kú kan máa ń ní fílítà dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ "SUN" sí, tí à ń dè mọ́ ìdí dígí ojú. Ọ̀kan wà nínú ọ̀rá wa. Kò gbọdọ̀ ní ihò nínú àpótí. Ibi tí ooru oòrùn ti péjọ gan-an ló máa ń wà, ó lè sán nígbàkúgbà, ojú ẹni tó ń wò ó á sì lọ. Fílítà oòrùn tó dára, iwájú tẹlisíkóòpù ló ń wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn pátápátá lójú ọ̀nà tó gba Ghana, Togo, Benin àti apá kan orílẹ̀-èdè wa kọjá. A ò tíì bí wa nígbà náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ á tún wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ wá fílítà yẹn nínú àpótí tí a fọwọ́ ara wa ṣe. Kí tíṣà fọ́ ọ sọ nù.

Òfin kékeré kan tún wà: bí àpótí bá ti ibi tútù dé ibi tó móoru, ẹ má ṣí i kíákíá. Ṣé ẹ ti rí bí ìgò míníráà ṣe máa ń làágùn tí ẹ bá gbé e jáde nínú fíríìjì? Dígí náà á làágùn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi ní pípadé fún bíi wákàtí kan ná. Bí ìrì bá sì ti bà sí dígí lóru, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó dé e pa.

ÈSÌ SÍ ÀWỌN TÍ KÒ NÍ GBÀ

Mo ti gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní àpótí onírin ni ojúlówó. Kí ni wọ́n ń pè ní ojúlówó? Ọkùnrin kan wà ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, John Dobson lorúkọ rẹ̀. Ó ti jẹ́ monk rí, kò lówó lọ́wọ́. Páálí, pákó àti dígí fèrèsé ọkọ̀ ojú omi ló fi ṣe tẹlisíkóòpù ńláńlá. Ní ọdún 1968, òun àti àwọn ọ̀dọ́ méjì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n á gbé tẹlisíkóòpù wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á máa pe ẹni tó ń kọjá lọ kó wá wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe irú tirẹ̀ tà káàkiri ayé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Bí páálí bá lè gbé tẹlisíkóòpù ró, abọ́ ike lè gbé dígí mẹ́ta.

Àwọn kan ní a ó sọ ọ́ nù. Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti bàjẹ́ lábẹ́ àgádágodo báyìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi wo ìràwọ̀ kan. Èwo ló sàn: kó bàjẹ́ nígbà tí ogójì ọmọ ti fi rí òrùka Sátọ̀ọ̀nù, àbí kó bàjẹ́ nínú òkùnkùn?

Àwọn kan ní WAEC ló yẹ ká gbájú mọ́. Ó dáa. Ìwé físíìsì wa ní orí kan tó kún fún ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì. A ti kọ́ ọ sórí, a ti ya àwòrán rẹ̀, a ò tíì fi ojú wa rí ohun tó ń ṣe. Ìlọrin náà sì ni a wà. Ẹ mọ bí ojú gbogbo ìlú ṣe máa ń wà lókè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ṣáábánì. Ọmọ tó bá ti fi tẹlisíkóòpù wo oṣù tuntun rí á mọ ìdí tó fi máa ń ṣòroó rí, á sì mọ èwo ni oṣù, èwo ni àgùàlà, ajá oṣù.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Mo ń bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá ṣe àpótí náà tán, kí tíṣà físíìsì wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó gbé e sókè, kí ó mì í, kí ó jẹ́ kó já bọ́ láti orí tábìlì nígbà tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ dípò dígí. Bí kò bá yege, a ó tún un ṣe.

Bó bá yege, kí a ṣí ìwé ìyáni kan. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí òbí náà sì fi ọkọ̀ wá gbé e ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Kí ọmọ mẹ́rin ládùúgbò kan náà máa yá a pọ̀, kó má baà jẹ́ pé àwọn tí òbí wọn ní ọkọ̀ nìkan ló máa rí ojú ọ̀run. Bó bá ti dé padà, kí èèyàn méjì ṣí àpótí, kí wọ́n ka ihò, kí wọ́n kọ orúkọ wọn.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, tiyín nìyí. Àwọn ohun tí à ń fẹ́: abọ́ ike olómorí tó ní rọ́bà létí, ọ̀kan ṣoṣo, fóòmù líle, aṣọ òwú funfun tó mọ́, silica gel tó bá wà nínú páálí bàtà yín. Páìpù irin àti fáìlì ti wà nílẹ̀. Ẹ kó wọn wá fún akọ̀wé JETS Club kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Owó tí a ó ná kù kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kan nínú wa.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Àárín méjèèjì yìí ni ojú ọ̀run ìlú wa máa ń mọ́ jù. Bí a bá jẹ́ kó kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀, àwa SS2 á sì ti di SS3 tí ìwé kò ní jẹ́ kó gbójú sókè. Ẹ jẹ́ ká ṣe é nísinsìnyí.